Ọ̀rọ̀ Tí Mo Tẹ Àtàǹpàkò Sí

Ẹ má bínú. Orí mi ò gba nǹkan dúró mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí mo bá fi ọjọ́ kan pe ọjọ́ míì, tàbí tí mo sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà. Lánàá, fìlà mi ni mo ń wá káàkiri ilé, orí mi ló sì wà. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ti ń rẹ́rìn-ín. Má kọ ìyẹn síbẹ̀. Ó ti kọ ọ́. Ó dáa, jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi tó ti kú máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, àfi kí òun lọ fara pamọ́ sóko, kí òun gbọ́ bí mo ṣe ń bá iṣu sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ìwé. Bàbá mi ò fi mí sí ẹkọ́ọ̀lù. Iṣu, kájú àti àgbàdo ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ kékeré, ó sì ba nǹkan jẹ́ fún ọmọ ọdún márùn-ún. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ilé ẹjọ́ máa jókòó lórí ọmọ náà, bóyá kí wọ́n dá a padà sílé tí wọ́n ti gbà á kúrò. Ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ìwé wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi mú bíkì tó fi ń kọ̀wé wá, kó jókòó tì mí.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé mi àti ilé wọn, ní àdúgbò Pìlátò níbí. Ògiri amọ̀ ni, kò ga. Tí wọ́n bá ń gúnyán lọ́hùn-ún, omi inú àmù mi máa ń mì. Ọkọ ilé náà ní oko lápá Òfẹ̀, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta níbẹ̀ kó tó wálé. Ìyàwó rẹ̀ ń din dùǹdú tà lẹ́bàá títì ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakú máa ń dúró sí. Obìnrin tó lápàárá ni. Á bu dùǹdú sínú àwo fún mi, á ní, "Bàbá wa, eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín tí ẹ ṣì fi ń jẹ dùǹdú?"

Èmi á ní, "Méjì. Ọ̀kan ń jẹ ẹ́, ọ̀kan ń wò ó."

A jọ máa ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ èyí kí ẹni tó bá kà á má bàa rò pé mo kórìíra rẹ̀. Mi ò kórìíra rẹ̀. Títí di òní mi ò kórìíra rẹ̀, ìyẹn náà sì wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí n sinmi.

Kabúà ni wọ́n ti mú ọmọ náà wá, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Obìnrin yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn níbí. Tí ìyá ọmọ ò bá sí mọ́, ará ilé bàbá á gbà á, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè nǹkan kan. Orí ọ̀kadà ló dé, wọ́n há a sáàárín ẹni tó gbé e àti àpò gàrí, ó sì di ife ike pupa kan mú. Gbogbo ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Tantí ló ń pe obìnrin náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní kó wá kí mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Mo ní, "Àárọ̀ ti lọ o, ọmọ mi. Ṣé o ò rí i pé oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè?"

Ó wo òkè, ó wò mí. Ó ní, "Ní Kabúà, kò tíì lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Láti ọjọ́ náà, ìkíni wa nìyẹn. Èmi á gbé orí lé ògiri, màá ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ ní Kabúà?" Òun á dáhùn pé, "Ó ti mọ́, Bàbá," kódà tó bá jẹ́ pé ọ̀sán ló pọ́n.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Òwúrọ̀ ni, kí wọ́n tó lọ sí títì. Bí omi ò bá tètè dé láti kànga, bí iyọ̀ bá dà, bí ọmọ náà bá tọ̀ sórí ẹní. Mo máa ń gbọ́ igi, mo máa ń gbọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ tí wọ́n nà máa ń sunkún pẹ́ títí, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ti ọmọ yìí kì í pẹ́. Ó máa ń já lójijì, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ bo nǹkan.

Kí ni mo ṣe? Mo ń wúkọ́. Ọmọ ọmọ mi gbójú sókè báyìí, ó ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ń lọ sẹ́bàá ògiri, màá wá wúkọ́ gan-an, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn wà nílé. Wọ́n á dákẹ́. Èmi náà á padà sídìí ẹní mi, inú mi á sì dùn pé mo ti ṣe nǹkan.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ìyàwó mi. Wọ́n fi èmi náà fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi tọ́ nígbà tí mo kéré. Ohun tó fi ẹ̀yìn ọkọ́ ṣe sí mi léjìká, àpá rẹ̀ ò parẹ́ títí dòní. Tí a bá bọ́ra létí odò, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá bi mí pé kí ló ṣe mí, mo máa ń ní, "Wọ́n bá mi wí ni." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi wé e fún mi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà mọ́, kò lẹ́jẹ̀ lára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì ní béèrè síwájú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan ló mọ̀ nípa ọmọ náà.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ni, dókítà la sì ń pè é. Ó ti rí ọwọ́ ọmọ náà tí epo gbígbóná bó. Tantí rẹ̀ ní ó ti ọwọ́ bọ agbada ni. Dókítà di ọwọ́ náà, ó kọ ọ́ sínú kàyé rẹ̀, ìwé tó ń kọ nǹkan sí, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ń lọ sílé ìwé, wọ́n á rí i níbẹ̀. Mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ rí i lóòótọ́. Ó rí i pé ó ń sùn nínú kíláàsì, pé tí èèyàn bá na ọwọ́ mú ṣọ́ọ̀kì, ọmọ náà á tẹ orí ba. Òun náà kọ ọ́ sínú kàyé tirẹ̀, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí bíró tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, èyí tí a ń pè ní sosiali, ó wá rò pé iṣẹ́ òun ti parí. Obìnrin kan ládùúgbò lọ sọ fún pólíìsì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kó lọ bá dẹlẹgẹ́ẹ̀, ìyẹn olórí àdúgbò wa. Dẹlẹgẹ́ẹ̀ pe Tantí, ó ní kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó kúnlẹ̀. Dẹlẹgẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi náà wà lára àwọn àgbà tó kúnlẹ̀ fún. Kò sẹ́ni tó pe ọmọ náà wá síbẹ̀.

Ìgbà tí ìwé mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì dé sosiali, wọ́n rán ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi nítorí pé èmi ni mo sún mọ́ ilé náà jù. Ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá etí òkun, ni, ó gbọ́ Fọ̀n, ó gbọ́ Faransé, kò gbọ́ tiwa. Ó mú ọkùnrin kan dání láti mèrí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kó máa túmọ̀. Ọmọ ìlú wa ni bàbá ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Kútọnu ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló sì ti dàgbà. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Madáàmù ní kí n bi yín, ọmọ kékeré tó wà nílé kejì, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀?"

Tantí ń gúnyán lọ́hùn-ún. Bí ọkùnrin náà ṣe béèrè báyìí, odó dákẹ́.

Mo wo ògiri. Mo ní, "Wọ́n ń bá a wí."

"Ṣé gbogbo ìgbà ni?"

"Ojoojúmọ́. Wọ́n ń bá a wí gan-an."

Mo gbà pé mo ti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tó bi mí á fi gbọ́, tí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri ò sì fi ní bínú. Ọkùnrin náà yíjú sí madáàmù, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Mo rí i tí ojú madáàmù tú ká. Ó ya mí lẹ́nu díẹ̀. Mo ní bóyá bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó kọ̀wé, ó ní, "Mẹ̀sí, Bàbá." Wọ́n mú yíńkì jáde, mo ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n fi hàn mí. Wọn ò kà á fún mi. Èmi náà ò ní kí wọ́n kà á.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tantí na àwo dùǹdú sí mi lórí ògiri. "Bàbá wa, ẹ ṣeun o." Kò bi mí nípa eyín mi. Mo gba àwo náà, mo jẹ ẹ́.

Mo ń retí wọn. Àgbàdo gbó, a ya á, a bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo ní bóyá wọ́n ti gbọ́ tán, wọ́n sì ti pinnu pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìrì ṣì wà lórí koríko, mo gbọ́ ohun kan lọ́hùn-ún tí kì í ṣe igi, tí kì í sì ṣe àtẹ́lẹwọ́. Mo wúkọ́. Kò dákẹ́. Mo tún wúkọ́. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí tèmi. Mo jókòó títí mo fi gbọ́ tí Tantí ti ilẹ̀kùn jáde lọ sí títì. Ìgbà náà ni mo tó lọ. Ọmọ náà jókòó lẹ́bàá kànga, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń bu omi sínú ife pupa rẹ̀, ó ń dà á sí etí òsì. Omi tó ń ṣàn sí i lára ti pọ́n.

Mo ní, "Ilẹ̀ ti mọ́ ní Kabúà?"

Kò dáhùn. Mo tún un sọ. Kò yíjú padà, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo dé. Ọmọ tí kì í pẹ́ dáhùn.

Ọmọ ọmọ mi ní kí n sinmi díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ mu omi ná, ọwọ́ mi náà ti ń ro mí." Irọ́ ló ń pa, ọwọ́ rẹ̀ ò ro ó. Mo ti mu omi náà. Kọ ọ́ lọ.

Mo fi aṣọ nu etí náà, mo sì padà sílé. Mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbà á sílẹ̀ kì í ṣe èmi. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn ará ilé ìwòsàn lọ sílé ìwé lọ fún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́. Ó kan ọmọ náà, dókítà pè é, kò dáhùn. Dókítà wo etí rẹ̀, ó wo ọwọ́ tó ti bó nígbà kan, ó mọ̀ ọ́n. Ó bi mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì pé, "Láti ìgbà wo ni etí ọmọ yìí kò ti gbọ́ mọ́?" Mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì lọ mú kàyé rẹ̀ wá. Dókítà náà ní kàyé tirẹ̀ nínú àpò. Wọ́n tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì kan, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ọjọ́. Ọjọ́ tí ọmọ náà fi ọwọ́ dídì wọ kíláàsì, ọjọ́ kejì èyí tí dókítà di í ni. Àbúrò dókítà sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun sunkún lójú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Wọn ò fi ìwé ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn méjèèjì lọ fúnra wọn. Wọ́n pe madáàmù sosiali àti ọkùnrin tó ń túmọ̀ fún un, wọ́n pe pólíìsì, wọ́n pe dẹlẹgẹ́ẹ̀, wọ́n pe èmi náà. Inú kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ la jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, lórí àga kéékèèké wọn. Orúnkún pólíìsì ga dé àgbọ̀n rẹ̀. Ní ọjọ́ míì, ì bá pa wá lẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù sọ ohun tó rí. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé òun ò rí nǹkan kan. Olúkúlùkù kàn rò pé ẹlòmíì ló di ìyókù mú.

Ó wá kan madáàmù sosiali. Ó mú ìwé mi jáde. Ó ní aládùúgbò ló fi òun lọ́kàn balẹ̀. Mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì, tó wá láti apá Pobẹ̀, tó sì gbọ́ èdè wa dáadáa, gbà á, ó kà á sókè fún wa. Ó ní, "Bàbá sọ pé àwọn ará ilé náà máa ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Pólíìsì gba ìwé náà, ó nà án sí mi lójú. "Bàbá, àtàǹpàkò ta wá lèyí? Ti ewúrẹ́ yín?"

"Tèmi ni."

Mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì ní, "Kí lẹ wá sọ gan-an, Bàbá?"

"Mo ní wọ́n ń bá a wí."

Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Wọ́n ń bá a wí!" Dẹlẹgẹ́ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì kíá. Ọkùnrin tó túmọ̀ ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ṣàlàyé fún madáàmù. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí mi, ó béèrè nǹkan kan jẹ́jẹ́. Mẹ̀tìrẹ́ẹ̀sì ní, "Ó ní kí ló dé tí ẹ ò sọ pé wọ́n ń nà á."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Ògiri ò ga."

Ọ̀sán yẹn kan náà ni wọ́n lọ gbé e. Ẹnì kan ò dá lọ. Dẹlẹgẹ́ẹ̀ ló wọlé ṣáájú kí ariwo má bàa sọ, pólíìsì dúró lẹ́nu ọ̀nà, madáàmù mú ìwé dání, dókítà gbé ọmọ náà sẹ́yìn. Ife rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tantí gbá ògiri mú, ó ń wò mí. "Bàbá wa, ẹ̀yin náà? Kí ni mo fi ṣe yín? Dùǹdú mi korò lẹ́nu yín ni?" Wọ́n mú Tantí lọ sí kọmísáríà, ọ́fíìsì pólíìsì, ó padà wálé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ṣì ń gbé ibẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn Parakú, wọ́n ní etí òsì ti lọ pátápátá, ọ̀tún ló ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí sosiali fà á lé lọ́wọ́ ló ń gbé báyìí. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo jókòó sí, mi ò rántí. Mo bi í bóyá ilẹ̀ ti mọ́ ní Kabúà. Ó ń bá ife rẹ̀ ṣeré lọ.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń jókòó pọ̀ ní ìparí oṣù, lórí àwọn àga kéékèèké yẹn, olúkúlùkù pẹ̀lú kàyé rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun ti fi ránṣẹ́, wọ́n á bi í pé ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí lẹni náà sọ. Kò sì sí àtàǹpàkò tí wọ́n ń gbà mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ ka ìwé náà fún onítọ̀hún ní èdè tó gbọ́. Dókítà sọ fún mi pé tìtorí tèmi ni wọ́n fi ṣe òfin yẹn. Ó rò pé inú mi máa dùn.

Tantí àti àwọn ará ilé bàbá ọmọ náà ti gba agbẹjọ́rò báyìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ọmọ àwọn padà. Agbẹjọ́rò ti rí ìwé mi àkọ́kọ́ nínú fáìlì, òun ló sì gbé lọ́wọ́. Ó ní aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù lọ ti tẹ àtàǹpàkò sí i pé bíbá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Adájọ́ kì í ṣe ọmọ ibí. Ohun tó bá wà nínú ìwé ló máa rí.

Torí náà, ọmọ mi, kọ èyí kó hàn. Wọ́n ń nà án. Wọ́n ń fi igi nà án, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá a létí, ọmọ ọdún márùn-ún. Mo gbọ́ ọ láràárọ̀, mo sì ń wúkọ́. Má kọ "bá a wí" síbi kankan tí mo ti sọ "nà". Èmi náà, nínà ni wọ́n nà mí.

Odó ti dákẹ́ lọ́hùn-ún, àbí o ò gbọ́? Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti dákẹ́. Jẹ́ kó dákẹ́. Gbé yíńkì náà sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n má ṣí i ná. Dìde dúró, kí ohùn rẹ lè jáde. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè, láti ibi tí mo ti ní kí wọ́n má bínú. Kà á sókè fún mi.